Bí Oníbàárà Yóò Ṣe Rí Ọmọ Wa Lórí Google: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn tí ń Kọ́ Ìkànnì ní Ajégúnlẹ̀ àti Àwọn Òbí Wọn

Àwọn tó ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi èdè kọ̀ǹpútà dà yín láàmú, nítorí pé àwọn ìyá àgbà wà láàrin wa tí wọn kì í fi fóònù ṣe ju kí wọ́n fi pe ọmọ lọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ìyá àgbà pẹ̀lú, nítorí inú ilé wọn ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa, ọmọ kan wà tí kì í kúrò nídìí laptop títí di òru. Bí kò bá sí iná, yóò wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn ará ilé ń wò ó. Bàbá ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé kì í ṣe Yahoo ni ọmọ yìí ń ṣe? Ìyá ń fi àdúrà sùn, ó ń fi jí. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni ọmọ náà kọ́. Ó mọ bí a ṣe ń kọ́ ìkànnì sórí ayélujára fún ilé iṣẹ́, fún ilé ìwé, fún oníṣòwò. Iṣẹ́ gidi ni, bí iṣẹ́ télọ̀ àti ti káfíńtà ṣe jẹ́ iṣẹ́. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé kò rí ẹni gbé iṣẹ́ fún un. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí òbí àti ọmọ jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ sọ bí ẹni tó ń kọ́ ìkànnì láyè ara rẹ̀, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kankan, ṣe lè mú kí àwọn tó nílò iṣẹ́ rẹ̀ rí i nígbà tí wọ́n bá ń wá irú rẹ̀ lórí Google. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní SEO. Orúkọ náà ń dẹ́rù bani ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Ẹ rántí bí a ṣe ń rí oníṣẹ́ ọwọ́ kí fóònù GSM tó dé ní ọdún 2001. Ẹni tó bá fẹ́ rán aṣọ yóò béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Télọ̀ náà yóò gbé pátákó síta, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń rán aṣọ ọkùnrin àti obìnrin, yóò sì gbé aṣọ tó dára jù nínú èyí tó rán kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Nǹkan mẹ́ta ló ń mú oníbàárà wá: ọ̀rọ̀ tó wà lára pátákó, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, àti ẹnu àwọn tó ti rán aṣọ níbẹ̀ rí. Bí ẹ bá di nǹkan mẹ́ta yìí mú, ẹ ti mọ ìdajì SEO.

Google ní ẹ̀rọ tó ń rìn kiri ayélujára tọ̀sán tòru, tó ń ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá bá pàdé, tó sì ń ti ibẹ̀ tọ ìsopọ̀ lọ sí òmíràn. Ohun tó bá kà, ó ń tò ó pamọ́ sínú ohun kan tó dà bí ìwé atọ́ka ńlá. Nígbà tí ènìyàn bá béèrè nǹkan, inú ìwé atọ́ka yẹn ni ìdáhùn ti ń jáde. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré káàkiri ayé ní ìṣẹ́jú náà. Bí kò bá tíì ka ìkànnì rẹ, o kò sí nínú ìwé. Ọ̀nà láti mọ̀ rọrùn. Kọ site: sínú àpótí tí a ń kọ ìbéèrè sí lórí Google, kí o sì kọ àdírẹ́sì ìkànnì rẹ tẹ̀ lé e láìfi àyè sáàrin wọn. Bí kò bá mú ohunkóhun jáde, ó ṣeé ṣe kí Google má tíì mọ̀ ọ́. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Search Console. Google ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni o ti lè fi ìkànnì rẹ hàn wọ́n, ibẹ̀ náà ni wàá ti rí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó bá ọ pàdé. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń kọ́ ìkànnì fún ọdún méjì tí wọn kò ṣí i rí.

Larry Page àti Sergey Brin ló dá Google sílẹ̀ ní ọdún 1998. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ronú pé bí ojú ìwé kan bá tọ́ka sí òmíràn, bí ìgbà tí ènìyàn jẹ́rìí sí ẹlòmíràn ni. Ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ pọ̀, tí àwọn ẹlẹ́rìí náà sì jẹ́ ẹni iyì, ni kí a gbé sókè. Ẹnu àwọn tó ti rán aṣọ rí náà nìyẹn. Lónìí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn kún un, ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà ṣì wà nílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ara pátákó. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń pàdánù jù. Ẹ ṣí ìkànnì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ fún ara wọn. Gbólóhùn Òyìnbó ńláńlá ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé: “We craft digital experiences.” Ta ni ó ń tẹ irú èyí sínú Google? Ìyá tó ń se oúnjẹ ìnáwó ní Amùkòkò kò wá “digital experience”. Ohun tí yóò tẹ̀ ni “who can do website for catering business”, tàbí “how much is website in Lagos”. Ejẹ́ǹtì tó ń gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Apapa yóò tẹ “website for clearing agent Apapa”. Ọ̀gá ilé ìwé yóò béèrè bí òbí ṣe lè máa rí èsì ìdánwò ọmọ wọn lórí fóònù. Bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò bá sí lórí ìkànnì rẹ níbì kankan, báwo ni Google yóò ṣe mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n ń wá?

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé “web designer in Lagos” nìkan ni wọ́n ń lé. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, tó ní òṣìṣẹ́, tó ní owó ìpolówó, ló jókòó sí ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè tì wọ́n dìde. Kí ló tilẹ̀ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Google fúnra wọn sọ pé nínú 100 ìbéèrè tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́, nǹkan bí 15 ni ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ wọn rí. Èyí fi hàn pé àwọn ènìyàn ń fi ẹnu ara wọn béèrè ohun tó ń dùn wọ́n, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Nínú àwọn ìbéèrè kéékèèké yẹn ni àyè wà fún ẹni tí kò lówó.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́, fi laptop sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí o mú ìwé àti bírò. Lọ sí ọjà Boundary, kí o gba ibẹ̀ lọ sí Olódì Apapa. Bi oníṣòwò mẹ́wàá léèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa ṣe ìkànnì fún yín, kí ni ẹ máa tẹ̀ sínú fóònù yín?” Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Má ṣe tún Òyìnbó wọn ṣe. Bí o bá padà délé, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n sínú Google díẹ̀díẹ̀, wàá rí i pé Google fúnra rẹ̀ ń parí gbólóhùn náà fún ọ. Àwọn ohun tí ẹlòmíràn ti béèrè rí wà lára èyí tó ń fi hàn ọ́ yẹn. Kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo yìí wúlò ju ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tà lórí Instagram lọ.

Lẹ́yìn náà, kọ ojú ìwé kan fún irú oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé kan fún àwọn ejẹ́ǹtì wọ́ọ̀fù, ọ̀kan fún ilé ìwé, ọ̀kan fún àwọn tó ń se oúnjẹ. Jẹ́ kí àkọlé ojú ìwé náà, èyí tó máa ń hàn bí ìlà ńlá lórí Google, sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti àdúgbò tí o ti ń ṣe é. Kọ gbólóhùn méjì sí abẹ́ rẹ̀ tó máa mú kí ènìyàn fẹ́ ṣí i. Nínú ojú ìwé náà, dáhùn ohun tí wọ́n bi ọ́ ní ọjà: èló ni owó rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà, kí ni àwọn máa san lọ́dọọdún, ta ni yóò máa tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́. Àwọn ọmọ wa ń bẹ̀rù láti kọ owó síbẹ̀. Èmi rò pé kí wọ́n kọ ọ́. Oníbàárà tí kò rí owó máa ń rò pé ó ju agbára òun lọ, á sì kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun fún àwọn tirélà tó ń wọ èbúté Apapa àti Tin Can. Wọ́n sọ pé orí ayélujára ni awakọ̀ ti máa gba àyè kí ó tó lè wọlé, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ètò. Ẹ ronú bí ìbéèrè yóò ti pọ̀ tó láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn: àwọn awakọ̀, àwọn onítirélà, àwọn ejẹ́ǹtì, gbogbo wọn ń wá bí wọn yóò ṣe ṣe é. Ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ tó bá kọ ojú ìwé kan tó yé ènìyàn lórí rẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú àwòrán, ní Òyìnbó tó rọrùn àti ní Yorùbá, àwọn gan-an tó lè gbé iṣẹ́ fún un ni yóò ti ilé rẹ̀ kọjá. Kò sí ilé iṣẹ́ Victoria Island tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó o. Ariwo tirélà ni a fi ń sùn níbí.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti máa ń rí. Bí o bá ti sọ pé Ajégúnlẹ̀ ni o ti ń bọ̀, ojú àwọn kan á yí padà. Oníbàárà kan ti fi iṣẹ́ tí a ti jọ sọ tán sílẹ̀ fún èmi alára, ní ọjọ́ tó rí àdírẹ́sì mi lórí ìwé owó. Nítorí irú èyí, àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń kọ àdírẹ́sì Lekki tàbí Ikeja sórí ìkànnì wọn. Mo lóye ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n kò bá wọn mu rárá, èmi yóò sì sọ ìdí rẹ̀.

Google ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Business Profile. Òun ló ń mú kí orúkọ ilé iṣẹ́ hàn lórí àwòrán ìlú pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti ìràwọ̀ tí àwọn oníbàárà fún un. Ọ̀fẹ́ ni pẹ̀lú. Google sọ pé nǹkan mẹ́ta ni òun ń wò kí òun tó yan ẹni tí òun máa fi hàn níbẹ̀: bí iṣẹ́ náà ṣe bá ìbéèrè mu, bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ẹni tó ń béèrè tó, àti bí a ṣe mọ ilé iṣẹ́ náà tó. Ẹ tún èkejì yẹn gbọ́: bí ó ṣe jìnnà tó. Ejẹ́ǹtì tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Apapa tó ń wá ẹni tó máa ṣe ìkànnì, Ajégúnlẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó wá parọ́ pé Lekki ni òun wà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ jìnnà sí ọjà tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Google máa ń béèrè ẹ̀rí, nígbà mìíràn fídíò ibi iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n máa ní kí o yà. Bí wọ́n bá rí i pé irọ́ ni àdírẹ́sì, wọ́n lè ti ojú ìwé náà pa. Ẹni tó ń gbé ilé onípaàgì, tí kò fẹ́ kí àlejò máa kan ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀, kò ní láti parọ́. Òfin wọn gbà kí ẹni tó ń lọ bá oníbàárà níbi tí wọ́n wà fi àdírẹ́sì ilé pamọ́, kí ó sì kọ àwọn àdúgbò tí ó ń ṣiṣẹ́ dé: Apapa, Ajégúnlẹ̀, Amùkòkò, Surulere, bí ó bá ti jẹ́ òtítọ́.

Orúkọ ìlú wa yìí kì í ṣe ẹ̀gàn. Ajé gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Ní ọdún 2007, Paradigm Initiative Nigeria, àjọ tí Gbenga Sesan dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ní kọ̀ǹpútà àti òwò ṣíṣe. Orúkọ wo ni wọ́n sọ iṣẹ́ náà? Ajegunle.org. Wọn kò wá orúkọ Òyìnbó kan tó lẹ́wà lọ. Wọ́n mú orúkọ àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń sá fún, wọ́n fi ṣe àdírẹ́sì lórí ayélujára, tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni lágbàáyé bá ń wá Ajégúnlẹ̀, ohun mìíràn á wà níbẹ̀ láti kà yàtọ̀ sí ìròyìn ìjà àti ìdọ̀tí. Nígbà tó yá, ètò náà gba orúkọ LIFE, wọ́n sì gbé e dé àwọn ìlú mìíràn bí Aba àti Kano. Bí Ajégúnlẹ̀ ṣe ń gbé Odion Ighalo àti Daddy Showkey jáde tí wọn kò fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹni tó ń kọ́ ìkànnì ṣe.

Díẹ̀ nípa ìwúwo. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn oníbàárà wa ti ń wo ayélujára, dátà tí wọ́n fi owó ara wọn rà ni wọ́n sì fi ń wò ó. Àwòrán kan tí fóònù yà lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Bí o bá gbé mẹ́wàá irú rẹ̀ sí ojú ìwé kan, ẹni tó ń wò ó á ti sú kí ó tó ṣí. Fún àwòrán náà kù títí yóò fi wà lábẹ́ 200 kílóbáìtì, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́nú tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn ń ran Google lọ́wọ́ láti mọ ohun tó jẹ́, ó sì ń ran afọ́jú tó ń fi ẹ̀rọ gbọ́ ojú ìwé náà lọ́wọ́. Láti ọdún 2015 ni Google ti ń gbé ìkànnì tó bá fóònù mu ga ju èyí tí kò bá a mu lọ nígbà tí ènìyàn bá ń fi fóònù wá nǹkan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn kan máa wá bá yín pé àwọn ní oògùn ìkọ̀kọ̀. Wọ́n á ní ẹ san owó, àwọn á fún yín ní ìsopọ̀ 1,000 láti orí ìkànnì mìíràn. Ẹ san owó, àwọn á fún yín ní ìràwọ̀ márùn-ún lọ́nà 50. Ẹ̀rí tí a fi owó rà ni. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Google yọ ìkànnì BMW ti Jámánì kúrò nínú ìwé atọ́ka rẹ̀, nítorí pé wọ́n ṣe àwọn ojú ìwé tí ẹ̀rọ Google ń rí ohun kan níbẹ̀, tí ènìyàn tó ṣí i sì ń rí ohun mìíràn. Ó di ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó dá wọn padà. Ní oṣù kejì ọdún 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí pé ìsopọ̀ tí a fi owó rà kún ayélujára fún JCPenney, ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Google sì ti ìkànnì náà láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn wọ̀nyí lówó láti dìde padà. Ìwọ tí o ń fi owó àjẹkù ra dátà, kí ni wàá fi dìde?

Bákan náà, má ṣe sọ fún oníbàárà láé pé wàá gbé e dé ipò kìíní lórí Google. Google fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é, owó oníbàárà ló ń wá.

Mo ní ohun kan tó wúwo láti sọ, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí tẹ́tí sí jù. Ebi máa ń pa ọmọ tó ń kọ́ ìkànnì. Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan tó múra dáadáa á wá bá a, á ní òun fẹ́ ìkànnì kíákíá, òun á san ìlọ́po mẹ́ta. Kí ni yóò wà lórí rẹ̀? Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí Kọ́sítọ́ọ̀mù gbẹ́sẹ̀ lé, tí wọ́n fẹ́ tà ní gbàǹjo. Á gbé àmì Kọ́sítọ́ọ̀mù fún un pé kí ó fi sí i lókè. Á tún ní kí ó ṣe SEO rẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ Apapa tètè rí i. Ẹ̀yin ará, gbogbo wa la mọ ẹni tí owó rẹ̀ ti wọ irú ihò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017 ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ṣí ìkànnì tirẹ̀ fún gbàǹjo, wọ́n sì ti kìlọ̀ léraléra pé àwọn kò rán ẹnikẹ́ni láti ta ọkọ̀ fún àwọn lórí Facebook tàbí níbòmíràn. Ẹni tó kọ́ ìkànnì náà lè sọ pé iṣẹ́ lòun ṣe, òun kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láìsí ìkànnì yẹn, opó tó kó owó àjọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní gbàgbọ́. Ọmọ yín mọ bí a ṣe ń mú kí ènìyàn rí nǹkan, kí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ohun tí olè náà fẹ́ rà nìyẹn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 lè mú ẹni tó ran olè lọ́wọ́ pẹ̀lú olè, àjọ EFCC kì í sì í fi ẹni tó ni laptop sílẹ̀ lọ.

Kí ló wá yẹ kí òbí ṣe? Ẹ má kàn máa pariwo Yahoo, Yahoo. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ní kó fi iṣẹ́ tó ń ṣe hàn yín: “Ta ni oníbàárà yìí? Níbo ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà? Ṣé ó ní ìwé CAC?” Ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ òdodo á fẹ́ràn kí ẹ béèrè, nítorí pé kò sí ẹni tó ń béèrè. Bí ó bá sì kọ owó ńlá sílẹ̀ nítorí pé ó fura sí i, ẹ má bú u pé òun ló ń lé ọrọ̀ lọ. Ẹ fún un ní owó dátà oṣù yẹn.

Ìwà àìṣòdodo kékeré kan wà tí àwọn ọmọ wa fúnra wọn ń hù, n kò ní fi bò. Àwọn kan máa ń fi orúkọ ara wọn ra àdírẹ́sì ìkànnì oníbàárà. Nígbà tí ìjà bá dé, wọ́n á ti ìkànnì náà pa, wọ́n á ní àfi kí oníbàárà san owó mìíràn. Ìyá tó ti tẹ àdírẹ́sì náà sára àpò ìrẹsì àti ara ọkọ̀ rẹ̀, kí ni yóò ṣe? Orúkọ òwò ẹni ni ohun ìní ẹni. Òfin ọdún 2015 yẹn náà sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó bá mú orúkọ òwò ẹlòmíràn lò lórí ayélujára láìní ẹ̀tọ́. Láti ọjọ́ kìíní, orúkọ oníbàárà àti í-méèlì oníbàárà ni kí ó wà lórí àdírẹ́sì, ìbáà jẹ́ .com tàbí .com.ng tí àjọ NiRA ń bójú tó. Gba ìdajì owó rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀, gba ìyókù kí o tó gbé e síta, kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ló ń dáàbò bo òṣìṣẹ́, ìdógò kọ́.

Ọ̀kan nínú yín ti bi mí ṣáájú pé ṣé àwọn ẹ̀rọ AI tuntun yìí kò ti ní gba iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni pé ní báyìí Google máa ń kọ ìdáhùn fúnra rẹ̀ sókè nígbà mìíràn, tí ẹni tó béèrè kò sì ní ṣí ìkànnì kankan. Èyí ń pa àwọn tó ń kọ ohun tí gbogbo ayé ti kọ lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ènìyàn tó máa wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Apapa ní ọjọ́ Ajé ṣì nílò orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Kọ ohun tí ìwọ nìkan mọ̀ nípa ibi tí o wà àti iṣẹ́ tí o ṣe.

Ó tún gba sùúrù. Google ti sọ pé lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń gba oṣù mẹ́rin sí ọdún kan kí èrè irú iṣẹ́ yìí tó hàn. Oṣù mẹ́rin gùn fún ẹni tó ń jẹun lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tó ní òwò láàrin wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ìwé, ẹ̀yin tó ń se oúnjẹ, ẹ̀yin tó ń ya fọ́tò, ẹ gbé iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Ẹ má ní ọmọ ìjọ ni, kó kàn bá yín ṣe é. Ẹ ò ní lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ta jẹnẹrétọ̀. Bí ó bá parí iṣẹ́ náà dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkànnì yín pẹ̀lú ìsopọ̀ sí tirẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì lọ sí ojú ìwé rẹ̀ lórí Google láti kọ ohun tó ṣe fún yín gan-an: irú ìkànnì tó jẹ́, iye ọjọ́ tó lò, ohun tó ti yí padà nínú òwò yín. Bí kò bá ṣe é dáadáa, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, kí ó lè lọ tún un ṣe kí ẹ tó kọ ohunkóhun.